Ìyá Ọ̀nà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Wa, Ẹni Tó Kó Èèyàn Jọ Láti Tún Ọ̀nà Orí Òkè Ṣe

Níbi tí títì parí sí, tí òkè sì bẹ̀rẹ̀, ilé kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fara ti àpáta. Yàrá ẹ̀yìn nínú ilé yẹn ni wọ́n bí Màmá wa sí, ní oṣù kẹfà ọdún 1941, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí agbẹ̀bí fi ní láti bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́ kó tó rí ọ̀nà wọlé. Aránbàtà ni bàbá wọn. Alágbàfọ̀ ilé ìwòsàn ni ìyá wọn, obìnrin tí àbàwọ́n kan kò lè fara pamọ́ fún. Bàbá tó bí bàbá wọn wà lára àwọn agbẹ́kùúta tó kọ́kọ́ la ọ̀nà gba ara òkè náà lọ sí ahéré olókùúta tó wà lókè pátápátá, níbi tí àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ń gbé láyé ìgbà náà. Ọmọ méjì ló yè fún àwọn òbí wọn. Màmá ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò wọn obìnrin, tí gbogbo àwa ọmọ ń pè ní Màmá Kékeré, wà láàárín wa lónìí.

Èmi ọmọ wọn kejì ni ẹbí ní kí n kọ èyí sílẹ̀, wọ́n ní èmi ni mo jogún ẹnu Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi jogún iṣẹ́ ìyẹ̀fun Bàbá. Àwọn àbúrò mi méjèèjì pín orúnkún tó ń dunni láàárín ara wọn.

Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn wà, Màmá sì máa ń sọ pé títí òun fi dàgbà, òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù ni òórùn ilé lójú òun. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tó gun òkè á sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú bàtà tó ti la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n gbé kúrò nínú omi. Wọn á bú òkè. Bàbá wọn á gba bàtà náà, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọn á ní, “Òkè ò ba bàtà jẹ́. Ó kàn tú àṣírí ẹni tó rán an ni.” Lọ́jọ́ Àìkú, tí ìsìn bá ti parí, wọ́n máa ń mú àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì gba ojú ọ̀nà yẹn lọ sí ibi bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá ti dé ìdí igi kan báyìí, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dun Màmá Kékeré, Màmá á sì pọ̀n wọ́n. Ẹsẹ̀ yẹn kì í dun ẹnikẹ́ni mọ́ tó bá ti di àtisọ̀kalẹ̀.

Ní ọdún 1948, Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ níwájú pósí: ìṣirò àti Màmá kò ṣọ̀rẹ́ rí. Ṣùgbọ́n tí ìwé kíkà bá dé, àwọn ni olùkọ́ máa ń pè jáde, nítorí ohùn wọn já gaara, ó sì máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá láìjẹ́ pé wọ́n pariwo. Ohùn yìí náà ló fún wọn níṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n parí ilé ìwé girama, ilé ìfìwéránṣẹ́ ń wá àwọn ọmọbìnrin tí yóò máa so ìpè tẹlifóònù pọ̀. Ọ̀gá tó dán wọn wò kò bi wọ́n ní ìṣirò, Ọlọ́run ló ṣe é.

Ọdún 1960 ni wọ́n wọ iyàrá tẹlifóònù. Àwa ọmọ mọ iyàrá náà dáadáa, torí ibẹ̀ la ti máa ń dúró dè wọ́n lẹ́yìn ilé ìwé. Kò ní fèrèsé. Fáànù kan ń yí lókè, ó ń ké ní gbogbo ìgbà tó bá dé apá òsì. Àwọn obìnrin á tò ní ìlà, àgbékọ́tí tí wọ́n fi ń gbọ́ ìpè á wà lórí wọn, okùn á wà lọ́wọ́ wọn, ihò á kún ara pátákó tó wà níwájú wọn. Màmá á fi okùn bọ ihò kan, wọn á fi òmíràn bọ ìkejì, wọn á ní, “Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀,” wọn á sì yẹra. Gbogbo ìlú mọ ohùn wọn kí wọ́n tó mọ ojú wọn. Tí wọ́n bá lọ ra òwú ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í tíì sọ̀rọ̀ tán tí ọlọ́jà á fi gbójú sókè, á ní, “Àbí ẹ̀yin ni Tẹlifóònù?” Ohun tí etí wọn sì gbọ́ nínú iyàrá yẹn, inú wọn ló sùn sí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbàlagbà tó wà níbí mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ dúpẹ́ fún èyí.

Orí wáyà ni Bàbá wa ti rí wọn. Oníbúrẹ́dì ni Bàbá, wọ́n sì máa ń pe ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ìpè náà kọ̀ kò wọlé. Màmá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù. Bàbá dáhùn pé, “Kò burú, ìyá. Bí ilé ìyẹ̀fun ò bá tiẹ̀ gbé e, ẹ̀yin ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra. Màmá ò sì mọ ibòmíràn tí èèyàn ń mú àfẹ́sọ́nà lọ ju orí òkè lọ, bẹ́ẹ̀ Bàbá ń bẹ̀rù ibi gíga. Ìfẹ́ ló ń gbé wọn gòkè, àdúrà ló ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Ọdún 1966 ni wọ́n ṣègbéyàwó, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́rin jíǹkí wọn. Ní gbogbo Sátidé ìgbà èwe wa, búrẹ́dì gbígbóná tí a fi aṣọ wé la máa ń gbé gòkè. Tí a bá dé ibì kan tí ọ̀nà ti ṣe kọ́lọkọ̀lọ, tí ìlú sì hàn nísàlẹ̀ bí nǹkan ìṣeré, Bàbá á jókòó lórí òkúta pẹlẹbẹ kan, wọn á ní àwọn ti rí ayé tó, kí àwa máa lọ kí a padà bá àwọn níbẹ̀. A máa ń bá wọn níbẹ̀ lóòótọ́, búrẹ́dì tó ṣẹ́ kù ni a kì í bá. Ọdún 1991 ni Bàbá fi wá sílẹ̀ lẹ́yìn àìsàn ranpẹ́.

Màmá Kékeré náà ti lọ́kọ nígbà náà. Mẹkáníìkì ni ọkọ wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lè sáré lórí àpáta tó tutù láìyọ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Ẹsẹ̀ Ewúrẹ́. Lẹ́yìn ikú Bàbá, ọkọ Màmá Kékeré yìí àti Màmá ni wọ́n jọ máa ń gun òkè jù, wọn á máa jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ rí ẹyẹ kan tàbí òmíràn. Àbúrò gidi ni Màmá kà wọ́n sí.

Màmá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1996. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e, òjò kan bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun dá. Àwọn kan ti gòkè kó tó le. Nígbà tí ìró tí a ò gbọ́ rí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ara òkè, ọkọ Màmá Kékeré ju sípánà sílẹ̀, wọ́n sáré lọ pe àwọn èèyàn náà. Wọ́n kó gbogbo wọn dé ìsàlẹ̀ láìfarapa. Wọ́n tún padà lọ wo ahéré olókùúta, bóyá ẹnì kan ṣẹ́ kù síbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ni òkè ya, ó sì bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn baba wa là bá a lọ lọ́jọ́ yẹn. Ibi tí Bàbá wa máa ń jókòó sí lọ, bẹ́ǹṣì lọ. Káńsù fi irin dábùú ẹnu ọ̀nà, wọ́n kọ “Ewu” sí i lára. Fún ọdún mélòó kan, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ òkè nínú ilé wa. Màmá á kàn yí àga wọn padà, kí wọ́n má baà dojú kọ fèrèsé.

Ní ọdún 2002, ọmọbìnrin ilé ìwé kan bẹ́ irin kọjá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó já bọ́ láàárín òkúta tó tú ká, apá rẹ̀ sì kán. Màmá lọ wò ó nílé ìwòsàn. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ láti ibẹ̀ ni pé àwọn fẹ́ tún ọ̀nà náà ṣe. Màmá Kékeré gbọ́, wọ́n sì wá sílé wa lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, wọn ò jókòó.

“Àǹtí mi, òkè yẹn ti gba ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́.”

Màmá ní, “Àwọn èèyàn ṣì ń gùn ún. Ọ̀nà nìkan ni kò sí.”

“Tí ẹ bá fi la ọ̀nà gba orí ọkọ mi, ẹ má pè mí ní àbúrò mọ́.”

Bí wọ́n ṣe yíjú padà nìyẹn. Inú ìjọ kan náà ni àwọn méjèèjì wà, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀kan jókòó lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì. Màmá kì í ṣe ẹni tó ń fi ìgbàgbọ́ pariwo, wọn kì í sì í kọrin dáadáa, ohun ìyanu ló jẹ́ pé ohùn tẹlifóònù yẹn kò mọ orin rárá. Ṣùgbọ́n ní àkókò àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́, èmi tí mo jókòó tì wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń dárúkọ lábẹ́nu.

Síbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Káńsù fún wọn láyè pé kí wọ́n ṣáà má pa ẹnikẹ́ni. Màmá gbé fóònù ilé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìlú. Ẹni tó bá gbé e á dá ohùn yẹn mọ̀, bó tilẹ̀ ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ. Á wá béèrè pé, “Ta lẹ fẹ́ so mí pọ̀ mọ́?” Màmá á ní, “Òkè ni. Sátidé, ní kùtùkùtù. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ dání.” Báyìí ni Ẹgbẹ́ Sátidé ṣe bẹ̀rẹ̀. Bíríkìlà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ òru wá tààrà láti ilé ìwòsàn, ó máa ń sùn lórí ìdúró pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Akọ̀wé báńkì kan wá tí ọwọ́ rẹ̀ bó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọwọ́ Bọ́tà. Àwọn mìíràn ń wá, wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta yìí ni òpó ẹgbẹ́ náà.

Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí á rò pé kí a ṣáà kó òkúta kúrò ni. Omi ni ọ̀tá ọ̀nà orí òkè. Wọ́n ní láti gbẹ́ gọ́tà dábùú ojú ọ̀nà, kí omi lè yà sí ẹ̀gbẹ́ kó tó rí agbára kó jọ. Wọ́n fi òkúta ṣe àtẹ̀gùn níbi tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á sinmi lórí ẹ̀yìn èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n to ògiri òkúta láìlo sìmẹ́ǹtì, wọ́n gbin koríko sí ẹ̀bá rẹ̀ kí gbòǹgbò lè di ilẹ̀ mú. Wọ́n kó igi ẹlẹ́gùn-ún dí gbogbo àbùjá, Màmá sì ní àbùjá ọ̀lẹ kan lè ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́. Tí òkúta kan bá kọ̀ tí kò fẹ́ jókòó, Màmá á ní kí wọ́n gbé e kúrò, kí wọ́n gbé òmíràn wá, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè bá ara wọn gbé.

Ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ ní ọdún 2004, nígbà tí iṣẹ́ dé ibi tí òkè ti ya. Bíríkìlà ní kí wọ́n yà sápá àwọn igi. Ọwọ́ Bọ́tà náà sọ bẹ́ẹ̀. Màmá ta kú pé ibi tí ọ̀nà gbà tẹ́lẹ̀ ni yóò gbà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Màmá mọ̀ pé tí wọ́n bá ti sọ pé ata ni, kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ di iyọ̀ mọ́. Wọ́n mọ ògiri gíga kan síbẹ̀, ó gbà wọ́n ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò ńlá àkọ́kọ́ wó o, òkúta sì yí lu bíríkìlà, ó kán an lẹ́sẹ̀. Káńsù ránṣẹ́ pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn yóò ti òkè pa títí ayé. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màmá àti nọ́ọ̀sì nìkan ló yọjú. Wọ́n jókòó lórí òkúta títí, wọ́n sì padà sílé. Mi ò rí Màmá kí wọ́n rẹ̀wẹ̀sì tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tí Bàbá kú.

Mò ń lọ aṣọ lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan nígbà tí Màmá Kékeré ṣílẹ̀kùn wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n jókòó.

“Wọ́n ní ògiri yín wó.”

“Ó wó.”

“Ẹsẹ̀ bíríkìlà ńkọ́?”

“Ó ń san díẹ̀díẹ̀.”

Mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ, mo ń wá bí mo ṣe máa jáde, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni àga Màmá Kékeré wà.

“Àǹtí mi, kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ náà lẹ fẹ́ gbà dandan?”

Màmá ní, “Ibẹ̀ ni Bàbá máa ń mú wa gbà. Ibẹ̀ ni bàbá àwọn ọmọ mi máa ń jókòó sí. Tí mo bá gba ibòmíràn, ó máa dà bíi pé wọn ò gba ibẹ̀ kọjá rí.”

Màmá Kékeré ní, “Èmi náà, tí ẹ bá gba ibẹ̀, tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín kọjá, ó máa dà bíi pé ọkọ mi ò kú síbẹ̀.”

Màmá nawọ́ gbá ọwọ́ àbúrò wọn mú. Àwa ọmọ kò rí kí Màmá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó kéré sí wọn rí, mi ò sì lè sọ pé mo rí i lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “A ó yí i po.” Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì sunkún, èmi náà bá wọn dá sí i, áyọ́ọ̀nù sì jó aṣọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ní Sátidé, Màmá Kékeré wá sí ẹsẹ̀ òkè. Bàtà ọkọ wọn ni wọ́n wọ̀, wọ́n fi àkísà dí iwájú rẹ̀ kó lè dúró lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣáà na ìbọ̀wọ́ kan sí wọn. Àwọn ni wọ́n rìn síwájú láàárín àwọn igi, tí wọ́n ń tọ́ka síbi tí ọ̀nà tuntun yóò gbà kó má baà kan ibi tí òkè ti ya. Ìròyìn kò lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ ó máa ń tètè dé ibi tó ń lọ. Kí oṣù yẹn tó parí, àwọn tó ti sá padà wá, pẹ̀lú àwọn tí a ò rí rí. Bíríkìlà náà wá, ó jókòó lórí àga pẹ̀lú ọ̀pá lábíyá, ó ń bú gbogbo ẹni tí òkúta rẹ̀ kò bá tẹ́jú. Ọ̀nà tuntun gùn ju ti àtijọ́ lọ, Ọwọ́ Bọ́tà sì ráhùn. Màmá ní ẹni tó bá gùn fún kó sinmi. Ní ojú ibi tó ya gan-an, igi àti koríko nìkan ni Màmá Kékeré ní kí wọ́n gbìn. Ẹnikẹ́ni kì í tẹ ibẹ̀.

Ọdún 2008 ni ọ̀nà náà parí dé ahéré olókùúta. Alága káńsù wá pẹ̀lú àlùmọ́gàjí àti ríbọ́nù pupa. Màmá kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀, ta ló tún ń gé e?” Alága rẹ́rìn-ín, ó fi àlùmọ́gàjí sápò, ó sì fi bàtà rẹ̀ tó ń dán gòkè bíi gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti ń pe Màmá ní Ìyá Ọ̀nà.

Màmá ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ títí di ọdún 2015, nígbà tí orúnkún kọ̀. Ẹgbẹ́ fẹ́ fi àga gbé wọn gòkè, wọ́n kọ̀, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹrù. Wọ́n yí àga wọn padà sójú fèrèsé. Ọ̀pọ̀ ọ̀sán ni àwọn àti Màmá Kékeré jọ jókòó níbẹ̀, wọn á máa jiyàn lórí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lókèèrè, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àwọn méjèèjì kò sì ríran jìnnà mọ́. Tí onítọ̀hún bá dé ìsàlẹ̀, Màmá á bi í pé, “Ọ̀nà ńkọ́?” Tó bá ní ó dára, wọn á ní, “Gọ́tà ńkọ́?”

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ní oṣù kejì ọdún 2023, lórí ibùsùn wọn, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ àbúrò wọn.

Màmá fi àbúrò wọn obìnrin sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin: oníbúrẹ́dì, èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, olùkọ́, àti awakọ̀. Wọ́n fi àwọn aya ọmọ àti ọkọ ọmọ sílẹ̀, wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ sílẹ̀, àti àrọ́mọdọ́mọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa ògiri rìn. Wọ́n fi nọ́ọ̀sì, Ọwọ́ Bọ́tà, bíríkìlà tó ṣì ń bú èèyàn, àti gbogbo Ẹgbẹ́ Sátidé sílẹ̀, tí Màmá kì í yà sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ka àwọn ọmọ wọn.

Màmá, ilẹ̀ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tọ́jú, kó gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, kó sì fúyẹ́ lórí yín. Kí Bàbá wa pàdé yín níbi tí kò ga jù. Kí Ọlọ́run tu yín lára. A ò ní jẹ́ kí koríko bo ọ̀nà náà, Sátidé tó ń bọ̀ a wà níbẹ̀. Ẹ sùn re o, Ìyá Ọ̀nà.